Jensen Interceptor: ibo ló ti wá, kí ló pa á, ibo ló sì yẹ ká wò ká tó rà á?

Aríkọ̀yọ̀ béèrè:

Ẹ̀yin àgbà ilé yìí, mo kí yín o. Mọ́tò àtijọ́ kan, Jensen Interceptor, wà lórí àtẹ nítòsí Birmingham. Ẹni tó ń tà á ní Mark II ni, pé ọdún 1970 ni wọ́n ṣe é. Ẹlòmíì tó rí fọ́tò rẹ̀ ní Mark III ni. Mo fẹ́ mọ bí a ṣe ń dá wọn mọ̀. Mo tún fẹ́ mọ ìdí tí èyí tí wọ́n ń pè ní FF fi gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé téèyàn bá wò wọ́n láti òkèèrè, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn kan ní mọ́tò Amẹ́ríkà ni, àwọn kan ní ti Ítálì ni. Ta ló ni ín gan-an? Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ibi tó yẹ kéèyàn wò kó tó kówó sílẹ̀. Ẹ ṣeun o.

Alágbẹ̀dẹ dáhùn:

Ẹ kú ìbéèrè. Ìtàn rẹ̀ ni mo máa mú ṣáájú, torí inú ìtàn yẹn ni ibi tó ti ń bàjẹ́ ti wá.

Mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì ni, West Bromwich ni wọ́n ti ṣe é. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, Alan àti Richard Jensen, ló ni ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀dọ̀ W. J. Smith and Sons ni wọ́n ti ń ṣe bọ́dì ọkọ̀. Nígbà tó di 1934, ibẹ̀ di tiwọn, orúkọ rẹ̀ sì di Jensen Motors. Iṣẹ́ bọ́dì ni wọ́n mọ̀, iṣẹ́ bọ́dì náà ló sì ń bọ́ wọn. Àwọn ló ń ṣe bọ́dì Austin-Healey. Àwọn ló to àwọn Volvo P1800 àkọ́kọ́ kí Volvo tó kó iṣẹ́ náà lọ sí Sweden ní 1963. Àwọn náà ló to Sunbeam Tiger. Owó iṣẹ́ oníṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ń ṣe mọ́tò tó ń jẹ́ orúkọ tiwọn, díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnì ní tirẹ̀, ọjà ni wọ́n máa ń rà á. Interceptor kan ti wà ṣáájú èyí tí ẹ ń wò yìí, láàárín 1950 sí 1957, ẹ́ńjìnì Austin ló wà nínú ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dà wọ́n pọ̀ mọ́ yín lójú.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni C-V8 dé ní 1962: bọ́dì fáíbà, ẹ́ńjìnì V8 ti Chrysler, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Eré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ gan-an, àmọ́ ojú rẹ̀ kò fa oníbàárà mọ́ra. Eric Neale tó ya C-V8 ti ya òmíràn tí wọ́n pè ní P66, wọ́n tiẹ̀ gbé e lọ sí ìpàtẹ mọ́tò ní Earls Court, London, ní 1965. Kevin Beattie, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà, ní rárá, kí wọ́n lọ bá àwọn ará Ítálì. Touring ti Milan ló ya àwòrán Interceptor, Vignale ní Turin ló sì fi irin lu bọ́dì àwọn tó kọ́kọ́ jáde. Nígbà tó yá, wọ́n kó gbogbo irinṣẹ́ bọ́dì náà wá sí Kelvin Way ní West Bromwich. October 1966 ni ayé rí i ní Earls Court, òun àti FF, ẹ̀yà rẹ̀ tí ẹ́ńjìnì ń wa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lọ́jọ́ kan náà.

Ibi tí mo ń lọ nìyí: ilé-iṣẹ́ tó ti mọ́ lára láti máa ṣe bọ́dì fáíbà ló ṣàdédé padà sí bọ́dì irin, tí wọ́n ń fi ọwọ́ to, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìdáàbòbò irin lọ́wọ́ ìdógùn-ún kò tíì jinlẹ̀ níbikíbi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gíláàsì ńlá ẹ̀yìn yẹn ló sọ mọ́tò náà di arẹwà, òun náà sì ni ẹnu ọ̀nà omi.

Ní ti Mark: Mark I ni 1966 sí 1969. Mark II bẹ̀rẹ̀ ní October 1969. Mark III bẹ̀rẹ̀ ní 1971, ó sì lọ títí wọ́n fi ti ilé-iṣẹ́ náà pa ní 1976. Ẹ wo iwájú rẹ̀. Lára Mark I, iná kékeré iwájú wà lókè bọ́ńpà. Láti Mark II lọ, bọ́ńpà gòkè, iná kékeré náà sì bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀. Dáṣíbọ́ọ̀dù Mark II yàtọ̀ sí ti Mark I pátápátá, torí òfin ààbò Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe yí i padà. Mark III ní wíìlì alumíníọ̀mù ti GKN, ó sì ní ẹ̀rọ amúlétutù (AC) láti ilé-iṣẹ́. Wíìlì onírin tí wọ́n ń pè ní Rostyle ló wà lẹ́sẹ̀ Mark II. Ṣùgbọ́n wíìlì kì í ṣe ẹ̀rí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lèèyàn fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ béèrè ẹ́ńjìnì. Chrysler 383, lítà 6.3, ló wà nínú Mark I àti Mark II. 440, lítà 7.2, ò wọlé títí di 1971, ohun tó sì mú un wọlé ni pé Chrysler ń dá 383 dúró. Tí wọ́n bá ní 1970 ni tí 440 sì wà nínú rẹ̀, ẹnìkan ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, àbí kó jẹ́ pé ọdún yẹn kì í ṣe òótọ́. Nọ́ńbà ṣáàsì ni kí ẹ gbà, kí ẹ gbé e tọ Jensen Owners' Club lọ, wọ́n á sọ ohun tó jẹ́ fún yín.

BàbáPáńẹ́ẹ̀lì dáhùn:

Alágbẹ̀dẹ ti sọ ọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n bá a dé ibi tí owó ti ń wọlẹ̀.

Ẹni bá bẹ̀rẹ̀ síí gbọ́ ohùn V8 kó tó wo abẹ́ mọ́tò ti ń fi owó rẹ̀ ṣòfò. Ẹ́ńjìnì yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ló wà ní Amẹ́ríkà, gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ló ṣì wà lọ́jà. Páńẹ́ẹ̀lì Jensen ni kò pọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n sì fi tò wọ́n, nítorí náà ìyẹ́ (páńẹ́ẹ̀lì tó bo táyà) tí a bá ra fún èyí lè má bá ọ̀hún mu. A máa ń gé e, a máa ń fà á, a máa ń jó o díẹ̀díẹ̀ kó tó jókòó. Wákàtí tí panẹ́ẹ̀lì bíítà máa lò ló ń pa ẹni tó rà á, kì í ṣe irin fúnra rẹ̀.

Ẹ mú òòfà kékeré kan lọ, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé e kó má bàa ha ọ̀dà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìyẹ́ iwájú, lẹ́yìn táyà. Ẹrẹ̀ máa ń há síbẹ̀. Ẹ wọ́ ọ lọ sára sílì, irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ gba etí ibi tí táyà ẹ̀yìn wà, ẹ parí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa: òòfà kì í mú fílà (ohun àfidí tí panẹ́ẹ̀lì bíítà ń lẹ̀ mọ́ ibi tó bàjẹ́), kì í sì í mú òjé, òjé ni wọ́n sì fi dí ojú ìsopọ̀ láti ilé-iṣẹ́. Tí òòfà bá já sílẹ̀ lójú ìlà tóóró kan tó lọ tààrà níbi tí páńẹ́ẹ̀lì méjì ti pàdé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òjé àtilẹ̀wá, ẹ má pariwo. Tó bá já ní àárín páńẹ́ẹ̀lì, tí ibi tí kò ti mú fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, fílà ni. Ẹ fi ìka kàn án: irin máa dún, fílà máa dáhùn wúyẹ́, bí ẹni kan pákó.

Sílì rẹ̀ ní ìbòrí. Ìbòrí yẹn lè máa dán gbinrin kí sílì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti di ẹ̀ẹ́rún. Ẹ ní kí wọ́n tú u. Tí olówó mọ́tò bá kọ̀, ẹ ti gbọ́ èsì yín nìyẹn. Tí ẹ bá gbé e sókè, ẹ wo ọ̀pá ńlá méjì tó gba abẹ́ mọ́tò kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá níbi tí wọ́n ti jó apá irin tó ń lọ bá sílì mọ́ ọn. Ẹ fi súkúrúdíráífà tẹ ibẹ̀ dáadáa. Ọ̀dà dúdú rọ́bà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n sábẹ́ kò yẹ kó dùn mọ́ yín.

Lẹ́yìn náà, gíláàsì ẹ̀yìn. Ẹ ṣí i, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù kúrò, ẹ ti ọwọ́ bọ igun méjèèjì. Tó bá tutù tàbí tó rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, rọ́bà gíláàsì ti kú, ilẹ̀ búùtù sì ti ń gba omi. Ẹ wo férémù gíláàsì náà láti inú, ní ìsàlẹ̀, níbi tí rọ́bà bò mọ́lẹ̀. Gíláàsì yẹn kò ṣeé rí bọ̀rọ̀, kò sì dínwó; ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe ń pa á dé.

Aríkọ̀yọ̀:

Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin àgbà. Ẹni tó ń tà á ní ó máa ń gbóná díẹ̀ nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, pé gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú fídíò tó fi ránṣẹ́, gíà rẹ̀ ń tètè bọ́ sí òkè kí eré tó dé, ó sì ń ṣe jẹ́jẹ́. Ó ní ìyẹn ló jẹ́ kó tura. Ẹ bá mi wò ó.

Rìwáyà dáhùn:

“Gbogbo wọn ló ń gbóná” kì í ṣe òótọ́. Èyí tí wọ́n bá tọ́jú kì í gbóná.

Ẹ́ńjìnì ńlá ló há sí ibi kékeré, páìpù èéfín sì wà nítòsí gbogbo nǹkan, nítorí náà mọ́tò náà kò fàyè gba ìmẹ́lẹ́. Fáànù oníná méjì ló ń tu rédíétọ̀ nínú. Nínú sún-kẹẹrẹ, àwọn nìkan ni ìrètí. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ lójú kan títí fáànù á fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kà á, méjèèjì ni àbí ọ̀kan? Ẹ wá fi mítà wọn fọ́ọ̀tì bàtìrì, kí ẹ sì wọn ti ẹnu fáànù nígbà tó ń yí. Tí ti fáànù bá fi ju fọ́ọ̀tì kan lọ kéré sí ti bàtìrì, iná ń ṣòfò lójú ọ̀nà: wáyà tó ti gbó, ẹnu ìsopọ̀ tó ti hu àwọ̀ ewé, tàbí wáyà ilẹ̀ tó tú lára ṣáàsì. Fáànù á máa yí, kò ní máa fẹ́. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé kí a fún fáànù kọ̀ọ̀kan ní rílè (súwíìṣì tí iná ń darí) àti fíúsì tirẹ̀, kí a fa wáyà tó nípọn láti bàtìrì wá tààrà, kí súwíìṣì àtijọ́ kàn máa darí rílè nìkan.

Tí fáànù bá dára tó ṣì ń gbóná, ẹ kọjú sí inú bílọ́ọ̀kì. Irin dídà ni bílọ́ọ̀kì Chrysler náà, ìdọ̀tí àti ìdógùn-ún máa ń rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn sílíńdà tó kẹ́yìn. Àwọn tó ń da omi rédíétọ̀ nù láti ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ nìkan kò kan ìdọ̀tí yẹn rárá. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, ẹ tú bọ́ọ̀tì omi tó wà ní ìhà méjèèjì bílọ́ọ̀kì. Tí omi ò bá jáde, ẹ fi wáyà líle gún ihò náà. Ẹrẹ̀ pupa ló dí i. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ títí tó fi mọ́, ẹ da omi àti àńtífíríìsì sí i ní ìdajì-ìdajì, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Ẹ wo àwọn ìdérí irin pẹlẹbẹ tó wà lára bílọ́ọ̀kì náà, inú ni wọ́n ti ń jẹ wá síta. Ibi tí wọ́n há sí lẹ́yìn páìpù èéfín ló ń mú iṣẹ́ wọn wọ́n.

Ohun kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ kì í rò: táímìn (àkókò tí pílọ́ọ̀gì ń ṣáná) tó bá pẹ́ ju bó ti yẹ lọ máa ń mú ẹ́ńjìnì gbóná lójú kan, torí páìpù èéfín ni iná ń jó sí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ra rédíétọ̀ tuntun.

BàbáGíà dáhùn:

Aríkọ̀yọ̀, ọ̀rọ̀ gíà yẹn ni kí ẹ fi dín owó. Kò tura, ó ń kú lọ ni.

TorqueFlite ni gíà náà, ti Chrysler, oní-mẹ́ta tó ń yí ara rẹ̀ padà, ó sì lágbára púpọ̀. Ọ̀pá kan so kàbúrétọ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ ọ̀pá yẹn ju pé kí gíà já wálẹ̀ téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ. Òun ló ń sọ fún gíà bí agbára ẹ́ńjìnì ṣe pọ̀ tó, kí gíà lè fún kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ní ìtẹ̀ ọ́ìlì tó tó. Tí ó bá tú, tàbí tí wọ́n pààrọ̀ kàbúrétọ̀ tí wọn kò tò ó padà, gíà á rò pé ẹ rọra ń lọ. Á tètè bọ́ sí òkè, á fi ìtẹ̀ díẹ̀ mú kílọ́ọ̀ṣì, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀ lábẹ́ agbára lítà mẹ́fà sí méje, títí tí á fi jóná. Ohun tí wọ́n ń pè ní jẹ́jẹ́ nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa kí ṣóòkù kàbúrétọ̀ (choke) ti kúrò, kí ẹ wá pa á. Kí ẹnìkan tẹ tọ́tù délẹ̀ nínú mọ́tò. Lábẹ́, apá kékeré tó wà lára gíà gbọ́dọ̀ ti dé òpin ìrìn rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Tí ẹ bá ṣì lè fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pá náà kúrú. Nígbà tí ẹni náà bá sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kí apá náà padà pẹ̀lú kàbúrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má jáfara.

Kí ẹ tó ṣe ìyẹn pàápàá, ẹ wo ọ́ìlì gíà. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, gíà ti gbóná, ọwọ́ gíà ní N, kì í ṣe P, torí ní P pọ́ǹpù rẹ̀ kì í gbé ọ́ìlì yí gbogbo inú gíà ká, ìwọ̀n tí ẹ máa rí kò ní jẹ́ òótọ́. Pupa tó mọ́ ló dára. Tó bá ti di bíràwùn tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ ka gíà náà sí èyí tí wọ́n máa tú palẹ̀.

Ní ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, káàmù rẹ̀ àti tápẹ́ẹ̀tì (àwọn irin tó ń ṣí fáàfù) ń ra ara wọn ni, wọn kò ní rólà. Ọ́ìlì òde òní tí síńkì inú rẹ̀ ti dínkù lè jẹ káàmù náà. Ẹ ra 20W-50 tí wọ́n ṣe fún mọ́tò àtijọ́. Ní ti epo, E10 ti di epo gbogbogbòò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti September 2021, ọtí tó wà nínú rẹ̀ sì ń jẹ rọ́bà epo àtijọ́. Ẹ máa ra E5, tí ọtí inú rẹ̀ kéré sí i, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo sí èyí tí wọ́n kọ SAE J30 R9 sí lára. Orí ẹ́ńjìnì tó ń gbóná bẹ́ẹ̀ ni epo máa ń jò sí.

Alágbẹ̀dẹ dáhùn:

Mo jẹ yín ní ọ̀rọ̀ FF àti bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe kú.

FF ni Ferguson Formula, láti ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí Harry Ferguson, ẹni tó ṣe tírákítọ̀ oko, dá sílẹ̀ ní Coventry. Àwọn ló ṣe P99, mọ́tò ìje tí ẹ́ńjìnì ń wa táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí awakọ̀ ìje Stirling Moss fi gba ife Gold Cup ní Oulton Park ní 1961. Ohun tí wọ́n gbé sínú Jensen ni pé ẹ́ńjìnì ń wa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà gbogbo, 37 nínú ọgọ́rùn-ún lọ síwájú, 63 lọ sẹ́yìn. Wọ́n tún fi Maxaret ti Dunlop sí i, búréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, tó ti ara ọkọ̀ òfuurufú wá. Ohun tó wú mi lórí jù lára rẹ̀ ni pé Maxaret kan ṣoṣo ló tó fún táyà mẹ́rin, torí Ferguson ti so gbogbo wọn pọ̀ láàárín: táyà kan kò lè há kí ìyókù máa yí. Ọdún 1966 nìyẹn! Audi Quattro kò dé títí di 1980.

320 péré ni FF tí wọ́n ṣe, 15 nínú wọn sì ni Mark III. Interceptor ìyókù jẹ́ 6,408. Ní 1966, FF jẹ́ £5,340 nígbà tí Interceptor jẹ́ £3,742. Ẹ̀rọ tó ń gbé agbára lọ síwájú sì ti gba àyè tí sítíà ọwọ́ òsì ìbá gbà, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n ṣe, Amẹ́ríkà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ óò fi ihò méjì lẹ́yìn táyà iwájú dá a mọ̀. Ọ̀kan ló wà lára Interceptor. Ó tún fi ínṣì mẹ́rin gùn láàárín táyà iwájú àti ilẹ̀kùn. Tí ẹnikẹ́ni bá ń ta FF fún yín, ẹ béèrè bóyá Maxaret ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti yọ wáyà àti páìpù rẹ̀.

SP ni ẹ̀yà kẹta, 1971 sí 1973, 232 ni wọ́n ṣe: ẹ́ńjìnì 440 tó ní kàbúrétọ̀ Holley mẹ́ta. Ti àárín ló ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ìfàmọ́ra afẹ́fẹ́ ló ń ṣí méjì tó kù. Ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì máa ń dà wọ́n láàmú, ọ̀pọ̀ olówó sì ti fi ẹyọ kan pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí ti yín bá ní ojú ihò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè ibi tí Holley wà kí wọ́n tó gba owó SP lọ́wọ́ yín.

Ikú ilé-iṣẹ́ náà kò wá láti ara Interceptor nìkan. Nígbà tí Austin-Healey 3000 parí ní 1967, owó iṣẹ́ bọ́dì tó ń bọ́ wọn gbẹ. Ní 1970, Kjell Qvale, oníṣòwò mọ́tò ní San Francisco, gba ilé-iṣẹ́ náà, Donald Healey di alága, wọ́n sì gbé Jensen-Healey jáde ní 1972 pẹ̀lú ẹ́ńjìnì Lotus tí kò tíì gbó. Àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún oníbàárà jẹ wọ́n lówó. Ní 1973, epo rọ̀bì gbówó lórí, mọ́tò tó ń mu gálọ́ọ̀nù kan láàárín máìlì mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá sì di ẹrù lọ́rùn. Wọ́n tiẹ̀ ṣe onírùlé ṣíṣí ní 1974, wọ́n ṣe kúùpù ní 1975. September 1975 ni àwọn agbowó-gbèsè wọlé. May 1976 ni ilẹ̀kùn Kelvin Way tì. Ó dùn mí gan-an, torí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ló wà níbẹ̀.

BàbáPáńẹ́ẹ̀lì:

Ìkan ló kù. Mọ́tò tó ti lé ní ogójì ọdún kò nílò MOT (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún) mọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí wọn kò bá ti yí i padà púpọ̀, kì í sì í san owó ULEZ (owó tí ọkọ̀ tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ń san) ní London tí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi mọ́tò àtijọ́. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn rà á. Ẹ ní kó gbé e lọ ṣe MOT kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ka àkọsílẹ̀ MOT rẹ̀ látẹ̀yìn wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ibi tí wọ́n bá ti kọ “ìdógùn-ún” sí lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn tí kò sí ìwé àtúnṣe fún, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gún. Kí ẹ tó dé, ẹ ní kó má tan ẹ́ńjìnì rárá lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ béèrè ohun tí kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ nígbà tó tutù.